Bísíkíìtì Tí A Kì Í Fàmì Sí

Ọwọ́ ọ̀tún màmá mi ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Olóògbé pé, wọ́n yọ̀ ṣubú ní bálùwẹ̀, ọrùn ọwọ́ wọn dá, wọ́n sì fi pí-ó-pì dì í fún wọn ní ọsibítù láti ìdí ìka títí dé ìgúnpá. Dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ fi gbé nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Màmá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. A wọ kẹ̀kẹ́, a ò tíì dé ilé ní Tanke tí wọ́n fi kọjú sí mi pé, "Ta ló máa wá ṣe bísíkíìtì àwọn òkú báyìí?"

Mo ní èmi náà kúkú wà níbẹ̀. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n wá yíjú sí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ tìyẹn ló máa yá jù. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni mí o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dáná fún ọkọ àti ọmọ. Ṣùgbọ́n lójú màmá mi, ẹni tí kò bá tíì ṣe bísíkíìtì yẹn kò tíì mọ ilé ìdáná. Èmi kò sì ṣe é rí, nítorí Àbújá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì, ọdún yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wá sí Ìlọrin.

Àgùdà ni ìdílé màmá mi, ará Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n. Sístà òyìnbó kan tó kọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ló fi bísíkíìtì náà hàn wọ́n. Ó ní ní ìlú tòun, ọjọ́ tí wọ́n bá ń rántí àwọn òkú ni wọ́n máa ń yan án, wọ́n á fàmì àgbélébùú sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí, ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ á gbàdúrà fún òkú tó ni ín. Èròjà tí Sístà ń lò kò sí lọ́jà wa, ni màmá mi bá fi atalẹ̀, nọ́tímẹ̀gì àti kànáfùrù rọ́pò rẹ̀. Sístà ti padà sí ìlú rẹ̀ tipẹ́, ó ti kú, òun náà sì ti wà lára àwọn tí à ń yan án fún.

Ìlànà màmá mi le. Òkú kan, bísíkíìtì kan. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fa àmì sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹni tó ni ín, kí wọ́n tó kan èyí tó kàn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹnì kan máa ń dìde láti ìdílé kọ̀ọ̀kan láti ka orúkọ àwọn òkú tiwọn sókè. Màmá mi ló ń ka tiwa. Bí ìsìn bá parí, wọ́n á pín bísíkíìtì náà lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tó ń da èmi láàmú nínú gbogbo èyí ni bàbá mi.

Ọmọ Ìlọrin pátápátá ni bàbá mi, Mùsùlùmí ni wọ́n, agbo ilé wọn wà ní Pàkátà. Ogójì ọdún ni àwọn méjèèjì fi gbé pọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan fa ẹnì kan wá sínú ẹ̀sìn tirẹ̀. Ní Jímọ̀, màmá mi ló ń lọ jálámíà tí bàbá mi ń wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ní Sọ́ńdè, bàbá mi ló ń wa màmá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á wá jókòó sínú mọ́tò níta, wọ́n á máa ka ìwé ìròyìn, wọ́n á máa jẹ kànáfùrù wọn. Wọn kì í yéé jẹ kànáfùrù, wọ́n ní ó ń wo eyín. Bí ìsìn bá ti parí, màmá mi á ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n á ní, "Ẹ kú sùúrù, Bàbá wa." Èmi tí mo wà lẹ́yìn á máa bínú pé ebi ń pa mí.

Bàbá wa náà ni màmá mi ń pè wọ́n. Bí bàbá mi bá gbàgbé nǹkan sílé tí wọ́n sì ti dé ẹnu géètì, màmá mi ò ní kígbe orúkọ, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ ni, tàbí kí wọ́n ní kí n sáré. Nígbà tí àìsàn tó gbé bàbá mi lọ bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan béèrè orúkọ aláìsàn lọ́wọ́ màmá mi. Wọ́n tú báàgì títí, wọ́n fa káàdì yọ, wọ́n nà án sí i. Nọ́ọ̀sì rò pé Màmá ò gbọ́ òyìnbó, ó tún un béèrè ní Yorùbá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Màmá mi, tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì, tún na káàdì sí i. Bàbá mi rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì ọjọ́ náà títí ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n kú. Màmá mi wà ní Ọ̀mù-Àrán lọ́jọ́ náà, wọ́n lọ wo ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ṣàìsàn. Àwọn ará Pàkátà ṣe ohun tí ẹ̀sìn wọn wí, ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n ti sin bàbá mi. Nígbà tí màmá mi fi dé, wọ́n ti bo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n, bí wọ́n ṣe ń ṣe é náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi, tí mo ti Àbújá wá wo àìsàn bàbá mi, rí ojú màmá mi lọ́jọ́ náà.

Lọ́dún yẹn, mo wá láti Àbújá nítorí Ọjọ́ Ìrántí. Màmá mi dìde, wọ́n ka orúkọ. Wọ́n ka bàbá wọn, wọ́n ka ìyá wọn, wọ́n ka àwọn ẹ̀gbọ́n, wọ́n ka Sístà, wọ́n ka ayálégbé kan tó kọ́ wọn ní kẹ̀kẹ́ ológeere nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Wọ́n jókòó. Mo ń retí. Wọn ò ka bàbá mi. Nígbà tí a ń lọ sílé, mo béèrè.

"Èmi kọ́ ni màá ka orúkọ yẹn," ni màmá mi wí.

"Ó dáa. Lọ́dún tó ń bọ̀ èmi á kà á."

"Ìwọ náà kọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì yíjú sójú fèrèsé.

Inú bí mi. Mo gbà pé ìsìnkú yẹn ni wọn ò tíì dárí rẹ̀ jì. Mo gbà pé wọ́n ti yọ bàbá mi kúrò nínú àwọn òkú wa. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá fi bísíkíìtì díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti gáréèjì, mo máa ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbínú, ó sì máa ń dùn, ìyẹn náà tún máa ń bí mi nínú. Ta ló ń ṣe òkú bàbá mi lóore? Ayálégbé oníkẹ̀kẹ́ ní bísíkíìtì, bàbá mi ò ní.

Nítorí náà, nígbà tí ọwọ́ màmá mi dá, tí iṣẹ́ náà wá bọ́ sí mi lọ́wọ́, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: lọ́dún yìí, bàbá mi á ní tiwọn. Mi ò mọ bí màá ṣe ṣe é. Mo kàn mọ̀ pé màá ṣe é.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú, láti àárọ̀, màmá mi jókòó sórí àga lẹ́yìnkùlé, wọ́n gbé ọwọ́ lé orí ìrọ̀rí, wọ́n ń pàṣẹ. Mo po bọ́tà mọ́ ṣúgà títí apá fi ń ro mí. Mo gún kànáfùrù. Mo gé atalẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n ní kò wẹ́ tó. Mo tún un gé, wọ́n ní ṣé Àbújá ni wọ́n ti kọ́ mi pé kí n máa gé atalẹ̀ bí ẹni ń gé iṣu. Mo fi ìgò tẹ́ ìyẹ̀fun pípò náà pẹrẹsẹ, mo fi ẹnu agolo mílíìkì gé e roboto. Ìkòkò irin la fi ń yan án, a ó da yanrìn sí i nísàlẹ̀, a ó gbé e ka iná èédú, a ó to bísíkíìtì sórí páànù nínú rẹ̀, a ó wá dé e. Èyí tí mo kọ́kọ́ yan láti fi dá iná wò jóná nídìí.

"Gbé ìyẹn sọ́tọ̀," ni màmá mi wí. "Bàbá tó bí mi ló máa jẹ ìyẹn. Wọ́n fẹ́ràn ohun tó bá jó díẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni a kan ibi àmì. Màmá mi ń pe orúkọ, èmi ń fa ọ̀bẹ, mo ń fà á wọlé dáadáa gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, lọ sókè, lọ sápá. Mo sáré ṣe mẹ́ta pọ̀.

"Má sáré," ni wọ́n wí. "Èèyàn ni wọ́n."

Mo dẹ ọwọ́. Orúkọ ń lọ, bísíkíìtì ń lọ. Àwọn kan nínú wọn, mo mọ̀ wọ́n. Àwọn kan, mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí, ohùn màmá mi sì yàtọ̀ lórí wọn, ó rọ̀. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Lórí ìkẹyìn, mo dá ọwọ́ dúró, ọ̀bẹ wà lókè, mo ń wo ẹnu wọn. Wọ́n pa ẹnu dé.

"Ó parí?" ni mo bi wọ́n.

"Ti ṣọ́ọ̀ṣì ti parí. Èyí tó kù nínú abọ́ yẹn, da gbogbo kànáfùrù tó kù sí i."

"Gbogbo rẹ̀ kẹ̀? Á ta jù."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ jẹ ẹ́? Da gbogbo rẹ̀ sí i. Gé e, kí o sì yan án. Má fàmì sí ìyẹn o. Kó o sínú agolo kékeré aláwọ̀ búlúù."

Mo rò pé ti àwọn aládùúgbò ni. Oògùn ara ríro tí dókítà fún wọn ti ń mú oorun kùn wọ́n lójú, wọ́n sì wọlé lọ fẹ̀yìn lélẹ̀. Mo da kànáfùrù sí i, mo sì gé e. Ó wá ku èmi àti bísíkíìtì méjìlá tí kò lólúwa.

Mo jókòó tì wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Ọkàn mi ń ṣe méjì méjì. Ọ̀kan ní kí n gbọ́ràn sí ìyá mi lẹ́nu. Èkejì ní bí mi ò bá ṣe é lónìí, ìgbà wo? Nígbà tó yá, mo mú ọ̀bẹ. Mo fa àmì sí àkọ́kọ́, mo pe orúkọ bàbá mi. Mo pè é tán pérépéré, títí kan orúkọ tí ìyá tó bí wọn nìkan ń pè wọ́n. Mo ṣe ìkejì, mo tún un pè. Nígbà tí mo dé ìkejìlá, omi ojú mi ti kán sórí ọ̀kan, mo sì fi aṣọ nù ún. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí bí ẹni tó jí ẹran nínú ọbẹ̀. Mo yan án, ó pọ́n dáadáa, kò jó. Mo kó o sínú agolo búlúù, mo dé e.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, aládùúgbò kan wá fi mọ́tò gbé màmá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti múra kí n tẹ̀ lé wọn.

"Ìwọ dúró," ni wọ́n wí. "Àlájà ń bọ̀ láti Pàkátà wá gba agolo kékeré yẹn. Fún wọn, má sì jẹ́ kí wọ́n lọ láìjẹun."

Àbúrò bàbá mi obìnrin ni Àlájà. Mo ní ṣé Àlájà náà ń jẹ bísíkíìtì àwọn òkú ni. Màmá mi ní kí n má dá àwọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì wọ mọ́tò. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, kò yé mi. Láti ìgbà wo ni Àlájà ti ń wá síbí? Èmi tí mo rò pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ara wọn mọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú.

Àlájà dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ láìdi nǹkan mú. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ṣàdúà fún mi, ó gùn.

"Ọwọ́ ìyàwó wa ńkọ́?" Ìyàwó wa, màmá mi nìyẹn o. Ẹni àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ní Pàkátà, ìyàwó ni wọ́n títí ayé. Màmá mi náà ń pe Àlájà ní "ọkọ mi," wọn kì í sì í fi rẹ́rìn-ín.

"Ó ti ń fúyẹ́, mà."

"Àlàmúdúlílàhì. Gbé sàárà ẹ̀gbọ́n mi wá, kí n tètè máa lọ. Àwọn ọmọ kéú ti ń retí."

Mo ní sàárà wo. Wọ́n ní èyí tó wà nínú agolo.

"Ṣé ìyàwó wa ò sọ fún ọ ni?" ni Àlájà wí. "Láti ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ ni. Ọjọ́ tí ìyá rẹ bá ń rántí àwọn tiẹ̀, ó ní òun ò lè rántí wọn kí òun yọ ọkọ òun sílẹ̀. Á ṣe tiwọn lọ́tọ̀, á kó kànáfùrù sí i bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀, kò ní fi nǹkan Kírísítẹ́nì sí i. Èmi á gbé e lọ sí ilé kéú wa. Bí a bá ti kírun alásárì tán, àwọn ọmọ á ké Kùránì, àlùfáà á ṣàdúà fún wọn, wọn á jẹ ẹ́. Làádá rẹ̀ á máa bá wọn níbi tí wọ́n wà."

Agolo náà wà lórí tábìlì. Àlájà ti gbé e, wọ́n ní àwọn máa ń kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, nítorí òórùn ẹnu ẹ̀gbọ́n àwọn gan-an ni. Wọ́n ṣí i. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo inú rẹ̀ dáadáa.

"Àgbélébùú rèé," ni wọ́n wí.

Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n yí i padà, wọ́n mú òmíràn. Wọ́n gbé agolo kalẹ̀, wọ́n jókòó. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, mo sì ń wí i bó ṣe ń bọ̀: pé màmá mi ní kí n má fàmì sí i, pé èmi ni, pé mo rò pé wọ́n ti gbàgbé bàbá mi, pé mo fẹ́ kí bàbá mi ní tiwọn, pé mo pe orúkọ wọn sí i lórí lọ́nà méjìlá. Mo ń sunkún bí ọmọdé. Kì í ṣe àgbélébùú náà nìkan ló ń pa mí lẹ́kún. Bàbá mi ti ní tiwọn láti ọdún mẹ́fà. Ọdún kan ṣoṣo tí èmi fọwọ́ kàn án ni wọn ò ní rí gbà.

Mo ní ẹ jẹ́ kí n sáré po òmíràn. Fúláwà ti tán nílé, bọ́tà ti tán, èédú ti kú. Àlájà wo aago ara ògiri. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Àwọn ọmọ á jókòó sórí ẹní. Àlùfáà á dé. Bí Àlájà bá wọlé lọ́wọ́ òfo, àdúà bàbá mi fún ọdún yìí á fò ṣánlẹ̀. Bí wọ́n bá gbé èyí wọlé, olórí ẹbí wọn á béèrè ohun tí àgbélébùú ń wá lórí sàárà, á béèrè láti ìgbà wo, gbogbo rẹ̀ á sì dópin síbẹ̀.

Mi ò mọ̀ bóyá Àlájà ń bínú. Lójijì wọ́n ní, "Omi."

Mo bu omi wá. Wọn ò mu ún, ọwọ́ ni wọ́n fi fọ̀. Wọ́n ní kí n gbé àwo pẹrẹsẹ ńlá kan wá. Wọ́n mú bísíkíìtì àkọ́kọ́, wọ́n ní, "Bìsìmílà," wọ́n sì dá a. Ó dá sí méjì lójú àmì. Wọ́n tún dá ìdajì náà, ó dá lójú àmì. Mẹ́rin, ó gún régé, ẹyọ èérún kan ò bọ́. Wọ́n wò ó.

"Hẹ̀n!" ni wọ́n wí. Wọ́n mú èkejì.

Àṣé lọ́dọọdún, wàhálà àwọn àti bísíkíìtì náà kò kéré. Wọ́n ní méjìlá ni ìyàwó àwọn máa ń ṣe, àwọn ọmọ kéú sì lé ní ogójì. Bí àwọn bá fẹ́ dá a, á fọ́ di eruku mọ́ àwọn lọ́wọ́. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ ló máa ń rí i jẹ, àwọn kékeré á máa lá ìka. Wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n ń dá a. Lórí àwo, kò sí àgbélébùú mọ́, ìdá mẹ́rin mẹ́rin ló kù, wọ́n dọ́gba.

"Ti ọdún yìí á kárí," ni Àlájà wí.

"Àlájà, ṣé kò ní ba sàárà náà jẹ́? Mo ti pe orúkọ wọn sí i lórí ní ti ṣọ́ọ̀ṣì."

Wọ́n ronú sí i gan-an. Mo rí i pé àwọn náà ò mọ̀. "Mi ò mọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Wàláhì, mi ò mọ̀. Mi ò sì ní bi àlùfáà. Bí mo bá bi í, ó di dandan kó dáhùn." Wọ́n da gbogbo rẹ̀ padà sínú agolo, wọ́n dé e, wọ́n ní kí n bá àwọn dá kẹ̀kẹ́ dúró. Wọn ò jẹun. Mo sáré tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú omi inú ike.

Mo padà sí ilé ìdáná, mo jókòó síwájú ìkòkò yanrìn. Ṣé mo ṣe rere ni àbí mo ṣe ibi? Ta ló máa gbọ́ àdúà náà, èwo sì ni á gbọ́, tèmi tàbí ti àwọn ọmọ kéú? Ṣé bàbá mi á rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ nọ́ọ̀sì yẹn, àbí ojú á tì wọ́n? Mo gbìyànjú láti rò ó já, kò já. Ohun kan ṣoṣo ló dá mi lójú, pé ìyá mi ti ń ṣe é, èmi sì ti fi ọdún mẹ́fà kórìíra wọn lásán.

Nígbà tí màmá mi dé, mi ò jẹ́ kí wọ́n bọ́ gèlè tán tí mo fi jẹ́wọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dé orí bí Àlájà ṣe dá a. Mo ń retí ariwo. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, gèlè wà nínú ọwọ́ òsì wọn.

"Orúkọ wọn lo pè?" ni wọ́n bi mí.

"Orúkọ wọn ni."

"Orúkọ wọn gan-an gan-an?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Wọ́n ní, "Èmi ò pè é rí."

Ta ni kò mọ̀? Gbogbo wa la mọ̀ pé màmá mi kì í pe bàbá mi lórúkọ. Mo ti fi ìtàn nọ́ọ̀sì yẹn pa àwọn ọmọ mi lẹ́rìn-ín àìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n mo ti rò pé ikú ti tú ìyẹn ká. Èmi ń pe ọkọ tèmi lórúkọ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì wá sí mi lọ́kàn pé ohun tí ìyá mi ń wí fún mi nínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn kò ju ohun tí wọ́n wí lọ. Àwọn kọ́ ni wọ́n máa kà á.

"Kí n wá dìde láàárín ìjọ," ni màmá mi wí, "kí n la ẹnu, kí n máa pe orúkọ ọkọ mi ní gbangba?"

"Màámi, wọ́n ti kú."

"Wọ́n kú. Wọn ò kọ̀ mí sílẹ̀."

"Èmi tí mo ní kí n kà á ńkọ́?"

"Wọn ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n wà láyé. Ìta ni wọ́n máa ń dúró sí. Mi ò fẹ́ fi ikú wọn fà wọ́n wọlé." Wọ́n ń yí etí gèlè sí ìka. "Nítorí ẹ̀ ni mi ò ṣe fàmì sí i. Bí mo bá fàmì, mo gbọ́dọ̀ pè wọ́n."

Fóònù wọn dún, Àlájà ni. Mo gbọ́ ohùn wọn láti inú rẹ̀, wọ́n ń pariwo, ariwo àwọn ọmọ ń lọ lẹ́yìn wọn, wọ́n ní ó kárí, ó kárí, ìyàwó wa, ó tún ṣẹ́ kù. Màmá mi ní, "Ẹ ṣé o, ọkọ mi." Wọ́n gbé fóònù kalẹ̀. Mo dìde kí n lọ gbé oúnjẹ wá.

"Pè é," ni màmá mi wí.

"Kí ni, mà?"

"Bí o ṣe pè é lánàá. Pè é kí n gbọ́."

Mo padà wá jókòó tì wọ́n. Mo pe orúkọ bàbá mi, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Màmá mi ti di ojú. Ètè wọn ń mì, ṣùgbọ́n ohùn ò jáde. Wọ́n ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Wọ́n wá la ojú, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò.

"Ẹ kú sùúrù, Bàbá wa," ni wọ́n wí.